Okùnfà Kì í Dá Rìn: Lẹ́tà Lórí Ìtúpalẹ̀ Ìfiwéra Àbùdá Nínú Ìwádìí Àwùjọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ojú ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ fún àwa òǹkàwé. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn ènìyàn ti ń kọ lẹ́tà sí yín lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, pé kí ni ó ń mú kí ìjọba tiwa-n-tiwa fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan, kí irú rẹ̀ sì wó lulẹ̀ ní òmíràn. Ẹnìkan ní ọrọ̀ ni. Ẹlòmíràn ní ìmọ̀ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni. Ẹnìkẹta ní kò ju kí ìgbìmọ̀ ìjọba má máa yí padà lemọ́lemọ́ lọ. Mo fara balẹ̀ ka gbogbo wọn, ohun tí mo sì rí ni pé kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè náà, nítorí pé olúkúlùkù di okùnfà kan ṣoṣo mú, ó ń wá orílẹ̀-èdè tí yóò ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kiri, èyí tí ó bá sì takò ó, a fi í sílẹ̀ láìdárúkọ.

Olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ ni mí, ọgbọ́n ìwádìí ni mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí pé ọgbọ́n kan wà tí a dìídì gbé kalẹ̀ fún irú àríyànjiyàn báyìí, tí a kì í sì í sábà gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Qualitative Comparative Analysis ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, QCA ni ìgékúrú rẹ̀. Ìtúpalẹ̀ ìfiwéra àbùdá ni èmi máa ń pè é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Agbára rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń bá a ṣe. Inú ìmọ̀ tí olùwádìí ní nípa ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan tí ó ń fi wéra, bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ni agbára náà wà, ẹni tí ó bá sì fi ìmọ̀ yìí sílẹ̀ tí ó gbá ìṣirò mú yóò rí èsì tí ó dán lójú ìwé ṣùgbọ́n tí kò sọ nǹkan kan nípa ayé.

Bí ẹnìkan bá sọ pé ọrọ̀ ni ó ń gbé ìjọba tiwa-n-tiwa ró, ó yẹ kí a bi í pé, ṣé ọrọ̀ nìkan ni, àbí ọrọ̀ pẹ̀lú nǹkan mìíràn? Ṣé kò tún sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà débẹ̀? Ṣé àìsí ọrọ̀ náà ni ó sì ń wó o, àbí ohun tí ń wó o yàtọ̀ sí ohun tí ń gbé e ró? Orí ìbéèrè wọ̀nyí ni QCA dúró lé. Ó gbà pé àwọn okùnfà máa ń para pọ̀ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Ó gbà pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, pé àkójọ okùnfà méjì tí kò jọra lè yọrí sí ohun kan náà. Ó sì gbà pé ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀ kì í ṣe òdìkejì gangan ìdí tí kò fi ṣẹlẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ wo ti ẹni tí ó yege lọ́tọ̀, kí a sì wo ti ẹni tí ó kùnà lọ́tọ̀. Ìṣirò-dátà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, èyí tí ń sọ fún wa pé bí ohun kan bá pọ̀ sí i ní ìwọ̀n báyìí, ohun kejì yóò pọ̀ sí i ní ìwọ̀n báyìí, ní iṣẹ́ tirẹ̀, n kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ipa okùnfà kọ̀ọ̀kan ni ó sábà máa ń wá, bí ẹni pé àwọn yòókù dúró sójú kan. QCA ń wá irú àkójọ tí ó jẹ́ pé ibi tí ó bá ti pé, àyọrísí náà wà níbẹ̀.

Ìtàn ọgbọ́n yìí gùn. Ní 1843 ni John Stuart Mill, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ọ̀nà méjì tí ènìyàn lè fi wá okùnfà: kí a kó àwọn ọ̀ràn tí àyọrísí wọn jọra jọ, kí a wá ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọ́n jọ ní, tàbí kí a mú ọ̀ràn méjì tí wọ́n jọra ní gbogbo ọ̀nà àfi ọ̀kan, kí àyọrísí wọn sì yàtọ̀. Mill fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ọ̀nà wọ̀nyí kò ní tó fún ọ̀rọ̀ àwùjọ ènìyàn, nítorí pé níbẹ̀, okùnfà ohun kan ṣoṣo lè pọ̀, wọ́n sì máa ń dara pọ̀ mọ́ra wọn. Ní 1854, George Boole fi hàn pé a lè fi “àti,” “tàbí” àti “kò” ṣe ìṣirò gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi nọ́ńbà ṣe é. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Willard Quine àti Edward McCluskey gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí a fi ń gé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kúrú, tí ó sì wúlò fún àwọn ẹnjinníà tí wọ́n fẹ́ dín iye nǹkan tí wọ́n ń tò sínú ẹ̀rọ oníná kù. Charles Ragin, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, ni ó kó gbogbo rẹ̀ wá sínú ìwádìí àwùjọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1987. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni pé àwọn tí ń ka ìtàn orílẹ̀-èdè méjì tàbí mẹ́ta jinlẹ̀jinlẹ̀, àti àwọn tí ń ka nọ́ńbà ọgọ́rọ̀ọ̀rún orílẹ̀-èdè láìmọ ọ̀kan dunjú, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ tí ó bá ìbéèrè àwọn òǹkàwé yín mu gan-an. Ní 1959, Seymour Martin Lipset sọ pé ọrọ̀, ìgbé ayé ìlú ńlá, ìmọ̀ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ń bá ìjọba tiwa-n-tiwa rìn. Dirk Berg-Schlosser àti Gisèle De Meur gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nípa Yúróòpù láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, àpẹẹrẹ náà sì ti di èyí tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Orílẹ̀-èdè 18 ni ó wà nínú ẹ̀dà tí a fi ń kọ́ni náà. Ìjọba tiwa-n-tiwa dúró ní 8 nínú wọn: Bẹ́ljíọ̀m, Tsẹkoslofákíà, Fínlándì, Faransé, Írẹ́lándì, Nẹ́dálándì, Swídìn àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wó ní 10: Austríà, Estóníà, Jámánì, Gíríìsì, Húńgárì, Ítálì, Pólándì, Pọ́túgà, Romaníà àti Spéènì.

Okùnfà tí a fẹ́ dán wò ni à ń pè ní ipò. Fún ipò kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin tí Lipset dárúkọ, a fi ààlà sí i: orílẹ̀-èdè tí ó bá kọjá ààlà gba 1, èyí tí kò bá kọjá gba 0. Lẹ́yìn náà a tò wọ́n sórí àtẹ tí a ń pè ní àtẹ òtítọ́, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ àkójọ kan tí ó ṣeé ṣe. Ipò 4 máa ń bí ìlà 16. Ìlà tí gbogbo ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pé ni ó yẹ kí ó dùn ún kà jùlọ, nítorí pé níbẹ̀ ni Bẹ́ljíọ̀m, Nẹ́dálándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, ìjọba wọn sì dúró. Ṣùgbọ́n Jámánì wà nínú ìlà kan náà. Ó lọ́rọ̀, àwọn ìlú rẹ̀ tóbi, àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ̀wé, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ ní 1933 ìjọba tiwa-n-tiwa ibẹ̀ kú. Nínú ìlà mìíràn, níbi tí ohun gbogbo ti wà àfi ìlú ńlá, Faransé àti Swídìn dúró, Austríà ṣubú.

Ìlà tí ó bá rí báyìí ni à ń pè ní ìlà atakora, ibẹ̀ ni a sì ti ń dá olùwádìí tòótọ́ mọ̀. Ọwọ́ lè yá ènìyàn láti yọ Jámánì kúrò, kí ó ní àfi ni. Ó sì lè fi iye ẹni tí ó pọ̀ jù ṣe ìpinnu, kí ó ní níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ nínú ìlà náà ti dúró, ìlà ìdúró ni. Ohun tí ọgbọ́n yìí ń pàṣẹ ni pé kí ó padà lọ sínú ìtàn Jámánì, kí ó tún lọ sínú ìtàn Nẹ́dálándì, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé kí ni ọ̀kan ní tí èkejì kò ní. Ohun tí a rí ni bí ìgbìmọ̀ ìjọba ti ń yí padà tó. Ní àkókò tí a ń wò, ìgbìmọ̀ 11 ni ó jẹ lórí ara wọn ní Jámánì, 10 ní Austríà. Ní Faransé 5 ni, ní Swídìn 6, ní Nẹ́dálándì 2 péré. A fi ipò karùn-ún kún un, pé kí ìgbìmọ̀ ìjọba má tó 10, àtakò inú ìlà méjèèjì sì yanjú. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè ronú kan ipò karùn-ún yìí. Ẹni tí ó mọ ìtàn ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ààlà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ààlà ọrọ̀ sí dọ́là 600, ìyẹn iye tí ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ń mú wá bí a bá pín in fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ààlà yìí gé ibi tí kò yẹ. Ti Tsẹkoslofákíà jẹ́ 586, ti Fínlándì sì jẹ́ 590, wọ́n sì ka àwọn méjèèjì sí aláìní nítorí dọ́là díẹ̀. Fínlándì wá bá Estóníà, Húńgárì àti Pólándì nínú ìlà kan, òun nìkan ni ó sì dúró nínú wọn. Nígbà tí a gbé ààlà náà wá sí 550, ó bọ́ sí àlàfo tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láàárín Ítálì tí ó ní 517 àti Tsẹkoslofákíà, Fínlándì sì kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí kò jọ. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá fura yóò sọ pé èyí jọ kí ènìyàn máa sún àmì títí ọfà yóò fi bà á. Ẹ̀sùn gidi ni, ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ fún un: kí ìdí tí a fi sún ààlà wá láti inú ohun tí a mọ̀ nípa àwọn orílẹ̀-èdè náà, kí a kọ ọ́ síta ní gbangba, kí a sì fi èsì tí ààlà àkọ́kọ́ mú wá han òǹkàwé pẹ̀lú. Nítorí ohun tí ó yí padà kò kéré. Bí ààlà bá jẹ́ 550, gbogbo orílẹ̀-èdè 8 tí ó dúró ni ó lọ́rọ̀, a ó sì ní ọrọ̀ jẹ́ kòṣeémáàní fún wọn. Bí ó bá jẹ́ 600, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Gígé ìṣirò kúrú ni apá tí ó rọrùn jùlọ, mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ pé bírò àti ìwé tó fún un. Bí ààlà ọrọ̀ bá jẹ́ 550, ìlà 3 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó dúró wà: ìlà Bẹ́ljíọ̀m, Tsẹkoslofákíà, Nẹ́dálándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ipò márààrún pé, ìlà Faransé àti Swídìn, tí ìlú ńlá nìkan kò sí, àti ìlà Fínlándì àti Írẹ́lándì, tí ìlú ńlá kò sí, tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò sì sí. Bí ìlà méjì bá yọrí sí ohun kan náà, tí wọ́n sì yàtọ̀ ní ipò kan ṣoṣo, ipò náà kò já mọ́ nǹkan níbẹ̀, a lè yọ ọ́. Ìlà kìíní àti ìkejì yàtọ̀ nípa ìlú ńlá nìkan, nítorí náà ó ku ọrọ̀, ìmọ̀ ìwé, ilé-iṣẹ́ àti ìjọba tí kì í yí padà lemọ́lemọ́. Ìkejì àti ìkẹta yàtọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ nìkan, nítorí náà ó ku ọrọ̀, ìmọ̀ ìwé, àìsí ìlú ńlá àti ìjọba tí kì í yí padà. Ọ̀nà méjì nìyẹn sí ibì kan náà, Faransé àti Swídìn sì wà lójú méjèèjì.

Wàyí o, ẹ yí ojú sí àwọn tí ó wó. Mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ aláìní, wọn kò ní ìlú ńlá, wọn kò ní ilé-iṣẹ́ tó. Ìmọ̀ ìwé àti ìdúróṣinṣin ìgbìmọ̀ ìjọba kò sì yọ wọ́n. Estóníà mọ̀wé, ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò tó 10, ó ṣubú. Ìgbìmọ̀ Ítálì àti Romaníà náà kò tó 10, wọ́n ṣubú. Jámánì àti Austríà gba ọ̀nà kejì, ọ̀nà àwọn tí ó ní ọrọ̀, ìmọ̀ ìwé àti ilé-iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ìgbìmọ̀ ìjọba wọn ń yí lemọ́lemọ́. Ẹ rí i pé ìdúróṣinṣin ìgbìmọ̀ wà nínú gbogbo ọ̀nà ìyege, síbẹ̀ àìsí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan nínú ọ̀nà tí àwọn mẹ́jọ gbà ṣubú. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn tí ó sì gbà pé a ti lè fi ìdí tí ẹnìkan fi yege mọ ìdí tí ẹlòmíràn fi kùnà, kí ó dúró díẹ̀ níbí.

Nǹkan kan tún wà tí ó ń dùn mí nínú iṣẹ́ tí mo máa ń kà. Ó ti di àṣà pé kí a wo ìwọ̀n kan tí à ń pè ní ìṣedéédéé, èyí tí ó ń sọ bí àkójọ kan ti ń bá àyọrísí rìn tó láìyẹ̀. Tí ó bá tó 0.8, tàbí 0.75 pàápàá, olùwádìí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkójọ náà tó, a sì kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wa dán an wò. Bí ààlà bá jẹ́ 550, orílẹ̀-èdè 10 ni ó lọ́rọ̀. 8 nínú wọn dúró. Ìṣedéédéé ọrọ̀ nìkan jẹ́ 0.8 géérégé. Ẹni tí ó bá ń sin nọ́ńbà yóò kéde pé ọrọ̀ nìkan tó láti gbé ìjọba tiwa-n-tiwa ró, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ohun tí ó ṣẹ́ kù, 0.2 yẹn, Jámánì àti Austríà ni. Ìtàn tí ó yí ayé gbogbo padà ni a gbá sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn nítorí pé nọ́ńbà kan ti kọjá ààlà. N kò sọ pé kí a má lo ìwọ̀n. Ìwọ̀n ń gbani lọ́wọ́ ojúsàájú ara ẹni. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀ràn kò ti ju ogún lọ, gbogbo ọ̀ràn tí ó bá yẹ̀ ni ó ní orúkọ, ó sì yẹ kí a pe orúkọ rẹ̀, kí a sì sọ ohun tí ó mú un yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìlà òfìfo náà kò gbọdọ̀ fara sin. Ipò 5 ń bí ìlà 32, bẹ́ẹ̀ ni ìlà 9 péré ni orílẹ̀-èdè 18 wọ̀nyí wà. Ìlà 23 ṣófo. Kò sí ìwà ibi nínú èyí, ayé kò fún wa ní gbogbo ohun tí ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ fi ìlà òfìfo ṣe? Bí olùwádìí kò bá fọwọ́ kàn wọ́n, èsì rẹ̀ yóò gùn bí ọ̀nà méjì tí mo kọ sókè yìí. Bí ó bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rò pé èyíkéyìí nínú wọn lè yọrí sí ìdúró kí èsì lè kúrú, èsì náà yóò kúrú lóòótọ́: ọrọ̀ àti ìjọba tí kì í yí padà lemọ́lemọ́, ó tán. Ó dùn ún gbọ́, ó sì lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó dúró lórí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí. Kí a tó gbà á, a gbọ́dọ̀ gbà pé orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ tí ìjọba rẹ̀ dúró ṣinṣin, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò mọ̀wé, ì bá pa ìjọba tiwa-n-tiwa mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí a wò. Ọ̀nà àárín wà, èyí tí Ragin àti ọ̀pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fara mọ́, pé kí a lo kìkì ìlà òfìfo tí ìmọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ bá ti lẹ́yìn. Èyí tí ó wù kí olùwádìí yàn, kí ó sọ fún wa.

Èmi náà ti jẹ̀bi rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n yìí, mo kó ọ̀ràn 14 jọ, mo sì fi ipò 9 wò wọ́n, nítorí pé gbogbo ohun tí mo ti kà ni ó dà bíi pé ó ṣe pàtàkì. Ìṣedéédéé gbogbo ìlà jẹ́ 1, kò sí àtakò kankan, mo sì gbé èsì náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní kí n ka iye ìlà tí ipò 9 ń bí. Ìlà 512 ni. Ó ní, “Ìwọ ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní yàrá tirẹ̀, báwo ni wọn yóò ṣe bá ara wọn jà?” Ó ní kí n fi owó ẹyọ ta 1 àti 0 sínú àwọn àyè náà, kí n tún un ṣe. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, èsì tí mo rí fẹ́rẹ̀ẹ́ dán tó ti àkọ́kọ́. Ó gbà mí ní oṣù púpọ̀ kí n tó padà sí ìwé tí mo kọ nípa ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, kí n sì mọ èyí tí ó yẹ kí n fi sílẹ̀ nínú ipò mẹ́sàn-án náà. Láti ìgbà náà, ipò 4 tàbí 5 ni mo máa ń gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀ràn rẹ̀ kò bá tó ogún.

Àwọn tí ó ń ta ko QCA sì ti sọ irú nǹkan báyìí pẹ̀lú agbára. Stanley Lieberson kìlọ̀ ní 1991 pé èrò ńlá ni a ń gbé lé orí ọ̀ràn díẹ̀, pé àṣìṣe kan ṣoṣo nínú ìwọ̀n lè yí gbogbo èsì padà. Ní 2014, Samuel Lucas àti Alisa Szatrowski fúnra wọn pilẹ̀ dátà tí wọ́n ti mọ òfin tí ó bí i, wọ́n fi QCA wò ó, wọ́n sì ròyìn pé ó kùnà láti rí òfin náà lọ́pọ̀ ìgbà. N kò fẹ́ kí a fọwọ́ rọ́ irú àríwísí bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Níbi tí èmi ti yàtọ̀ sí wọn ni pé dátà tí a fi kọ̀ǹpútà pilẹ̀ kò ní ìtàn tí a lè padà sí; bí ìlà bá takora níbẹ̀, kò sí Jámánì tí a lè lọ kà nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé apá tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ kò lè dá dúró, èyí tí ó yẹ kí àwa tí a fẹ́ràn ọgbọ́n náà ti máa wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì tọ́ kí a gbà pé ibi tí kò wúlò sí wà: kò lè sọ fún wa bí ipa ohun kan ti pọ̀ tó, kò sì mọ èyí tí ó ṣáájú nínú okùnfà méjì àfi bí a bá fi ọgbọ́n mìíràn kún un.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí àwọn tí yóò bèèrè pé, ṣé ayé jẹ́ 1 àti 0 nìkan ni. Rárá o. Faransé tí ó ní 983 àti Fínlándì tí ó ní 590 kò lọ́rọ̀ bákan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì gba 1. Lotfi Zadeh ti fi hàn láti 1965 pé nǹkan lè jẹ́ ti ọ̀wọ́ kan dé ìwọ̀n kan, láti 0 títí dé 1, Ragin sì mú èyí wọ inú QCA nínú ìwé rẹ̀ ti 2000. Níbẹ̀, olùwádìí yóò sọ ibi tí ènìyàn ti jẹ́ ọlọ́rọ̀ pátápátá, ibi tí kò ti jẹ́ ọlọ́rọ̀ rárá, àti ojú àárín, 0.5, níbi tí a kò lè sọ bóyá ó jẹ́ tàbí kò jẹ́. Ó dára ju ti àtijọ́ lọ, ó sì tún le, nítorí pé dípò ààlà kan tí a gbọ́dọ̀ gbèjà, mẹ́ta ni ó di báyìí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, kò pọ̀. Bí ẹ bá ń gbé ìròyìn ìwádìí tí a fi ọgbọ́n yìí ṣe jáde, ẹ jọ̀wọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ olùwádìí iye ọ̀ràn tí ó wò àti iye ipò tí ó fi wò ó, ibi tí ó fi ààlà sí àti ìdí rẹ̀, ìlà tí ó ṣófo, àti orúkọ àwọn ọ̀ràn tí ó takò ó. Ìpínrọ̀ kan gbà gbogbo rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn tí ó yege nìkan ni ó wò, tí kò wo àwọn tí ó kùnà, kò tíì fi ohunkóhun wéra. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ń kọ́ni náà ni mo sì ń bẹ̀, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe ṣí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ó tó kọ ojú ewé kan, ó kéré tán, nípa ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan tí ó fẹ́ fi sórí àtẹ.

Fún àwọn òǹkàwé tí wọ́n ń bá àríyànjiyàn ìjọba tiwa-n-tiwa lọ, mo ti ya àtẹ àwọn orílẹ̀-èdè 18 náà sí ojú ìwé kan, pẹ̀lú ìlà 9 tí wọ́n wà àti ìgbìmọ̀ ìjọba tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Mo fi í mọ́ lẹ́tà yìí. Bí àyè bá wà, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ láìfi èsì sí i, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan fi bírò yọ ipò tí kò já mọ́ nǹkan fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ̀wé sí yín lórí orílẹ̀-èdè tí kò gbà fún un.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ kan